Ewédú Tí Wọ́n Ń Rẹ Sómi

Ewédú tí à ń já sínú ìkòkò, tí à ń fi ìjábẹ̀ lù títí yóò fi yọ̀ dáadáa, òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣe àpò ìdọ̀họ. Kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tó kàn jọ ọ́. Ewéko kan náà ni. Corchorus olitorius lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un. Ó ní èkejì, Corchorus capsularis, tí èso tirẹ̀ rí roboto, tí kò gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ewédú wa. Àwọn méjèèjì ni ayé ń pè ní júùtù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kàwé nípa wọn, tí mo sì ń bá àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ewédú lẹ́yìn Ìbàdàn sọ̀rọ̀, nǹkan kan kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ewé tó jẹ́ ọbẹ̀ lásán lọ́dọ̀ wa, ó di owó, ó di ìjà, ó di àmì orílẹ̀-èdè lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló tún wá bá wa nílé ní àwọ̀ àpò tí à ń rọ kòkó sí, a kò sì dá a mọ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nílé olókò kòkó yóò mọ àpò tí mò ń sọ. Ó wúwo, ó le, ó ń họ ni lára. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ látinú ìdì, òórùn epo kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí kò jọ òórùn nǹkan mìíràn nínú ilé. Bàbá bàbá mi kì í jẹ́ kí a fi èyí tó ṣì dára jókòó. Kòkó ni wọ́n rà á fún. Èyí tó bá ti gbó ni àwọn obìnrin ń gé, tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi bo gààrí, tí wọ́n ń rẹ sómi kí wọ́n tó fi bo ewébẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kó rọ. Ọbẹ̀ ewédú sì wà lórí iná nínú ilé kan náà. Kò sí ẹni tó so méjèèjì pọ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa so wọ́n pọ̀, nítorí pé ewédú tí a mọ̀ kò ga kọjá orúnkún tàbí ìbàdí.

Ọwọ́ àgbẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà, oòrùn sì ràn án lọ́wọ́. Nílé wa níbí, ewé là ń wá. Bí ewédú bá ti yọ tó nǹkan, a ó já orí rẹ̀. Bí a bá ti já a, yóò pẹ̀ka, ẹ̀ka yóò tún yọ ewé, a ó tún padà wá já a. Àwọn mìíràn ń fà á tu pátápátá nígbà tó ṣì kéré, wọ́n ń dì í ní ìdì lọ sọ́jà. Ní Bẹ́ńgálì, ní agbègbè tó pín sí Bangladẹ́ṣì àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ní Íńdíà, nǹkan tí wọ́n ń sá fún ni ẹ̀ka. Ẹ̀ka ń ba èèpo jẹ́, nítorí pé ibi tí ẹ̀ka bá ti yọ ni fọ́nrán, ìyẹn irun gígùn inú èèpo tí wọ́n fi ń hun àpò, yóò ti já. Wọ́n wá ń gbìn ín kí ó fún pọ̀, kí igi kọ̀ọ̀kan má rí àyè ya sọ́tùn-ún tàbí sósì, kí ó kàn máa lépa oòrùn lọ sókè ní títọ́, títí yóò fi ga ju ènìyàn lọ. Mítà 3 kì í ṣe nǹkan àrà lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ni kì í jẹ́ kí tiwa ga bẹ́ẹ̀, ká tilẹ̀ ní a kò já a. Ewédú máa ń fi gígùn ọ̀sán mọ ìgbà tí yóò yọ òdòdó. Bí ọ̀sán bá kúrú, yóò yọ òdòdó wẹ́wẹ́ rẹ̀ tó pọ́n bí iyeyè, yóò so, yóò sì dáwọ́ gíga dúró. Ìbàdàn súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, ọ̀sán tó gùn jù lọ níbẹ̀ láàárín ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Ní Dhaka, ọ̀sán inú oṣù Kẹfà máa ń lé ní wákàtí 13 àti ààbọ̀. Wákàtí kan péré yẹn ni igi náà ń lò láti gùn sí i láìronú àtiso. Ohun tó ń jẹ́ kí ewédú tí a gbìn sí àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tètè gbó nìyẹn, tí àgbẹ̀ yóò máa ráhùn pé kò ju bàtà méjì lọ tó ti ń so.

Mo fẹ́ fojú ara mi rí fọ́nrán náà, nítorí náà mo fi ewédú díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mi ò já a, mo jẹ́ kó gbó. Igi rẹ̀ nípọn bí ìka ọwọ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀. Bí o bá fi èékánná ya èèpo rẹ̀ láti ìdí, yóò bó títí dé orí ní ọ̀já gígùn kan, igi funfun inú rẹ̀ á sì máa dán, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Gbìyànjú láti fa ọ̀já náà já. Kò ní já. Àwọn ọmọdé oko mọ èyí dáadáa, òun ni wọ́n fi ń di igi ìdáná nígbà tí kò bá sí okùn. Mo rẹ ìyókù sínú ike omi, mo dé e mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú rí kò nílò kí n ṣàlàyé òórùn tó kí mi. Iṣẹ́ kan náà ló ń lọ níbẹ̀: àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ oje tó lẹ nǹkan mọ́ra wọn. Èèpo òde ti di ọ̀rá yíyọ̀, mo fi ọwọ́ fà á kúrò, ohun tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ irun gígùn tó fẹ́lẹ́, tó rí bíi wúrà díẹ̀, tó sì le.

Èyí tí mo ṣe nínú ike ni àwọn àgbẹ̀ Bẹ́ńgálì ń fi gbogbo ara ṣe nínú odò àti ẹ̀rọ̀fọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń lò jẹ́ ilẹ̀ tí odò Ganges àti Brahmaputra ń gbé ẹrẹ̀ tuntun dà sí lọ́dọọdún. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń fọ́n irúgbìn, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti tutù sílẹ̀. Irúgbìn júùtù kéré púpọ̀, ẹ ti rí i lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á, ó rí bí ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù sínú asẹ́. Ẹni tó ń fọ́n ọn gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ń gba owó àgbẹ̀ jù yóò bẹ̀rẹ̀, ìyẹn títu koríko àti fífa èyí tó bá pọ̀ jù nínú ewéko náà kúrò. Koríko kò gbọdọ̀ borí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ewé tí wọ́n bá fà kúrò yìí, wọ́n ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀, wọ́n ń pè é ní pat shak, àwọn ará Íjíbítì sì ń jẹ ẹ́ tiwọn pẹ̀lú aáyù lábẹ́ orúkọ molokhia. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ èyí, nítorí pé ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi yẹn mọ adùn ewédú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin, tí òdòdó ti yọ, tí èso kéékèèké ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ó tó gé. Bí wọ́n bá tètè gé e, fọ́nrán yóò rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní pọ̀. Bí wọ́n bá dúró kó gbó, yóò pọ̀ ṣùgbọ́n yóò le gán-ín-gán-ín, kò ní wúlò fún òwú tó dára. Wọ́n wá ń gé e kí irúgbìn tó gbó, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ kì í fi í rí irúgbìn mú lórí oko kan náà. Ó gbọ́dọ̀ ya ilẹ̀ mìíràn sọ́tọ̀ fún irúgbìn, àwọn tí ilẹ̀ wọn kéré kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bangladẹ́ṣì tó ń ta fọ́nrán júùtù fún gbogbo ayé, Íńdíà ló ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn rẹ̀.

Lẹ́yìn gígé, wọn yóò fi í sílẹ̀ lóko fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ewé rẹ̀ gbọn sílẹ̀, kí ilẹ̀ jàǹfààní rẹ̀. Wọn yóò wá dì í ní ìdì ìdì. Ìdí igi nípọn ju orí lọ, nítorí náà àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ gbé ìdì náà nàró sínú omi kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tètè rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, wọn yóò to àwọn ìdì náà lórí ara wọn nínú odò tàbí ọ̀gọ̀dọ̀, wọn yóò fi koríko odò bò ó, wọn yóò gbé nǹkan wúwo lé e kó lè rì. Àwọn kan ń fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹrẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹrẹ̀ máa ń sọ fọ́nrán di dúdú, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ti ń kìlọ̀ fún wọn tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló máa ń gbà, bí omi bá gbóná, ó tètè yá. Àgbẹ̀ yóò máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fa igi kan yọ, yóò gbìyànjú bí èèpo rẹ̀ bá ń bọ́. Bí ó bá ju bó ti yẹ lọ, fọ́nrán yóò rà, yóò máa já. Bí kò bá tó, èèpo líle yóò lẹ̀ mọ́ ọn, iye rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Ọjọ́ kan tàbí méjì lè ba iṣẹ́ oṣù mẹ́rin jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọ inú omi. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀ nìyí. Omi náà ti dúdú, ó ti ń rùn, ó dé ìbàdí. Ẹni náà yóò di igi bí mélòó kan mú pọ̀, yóò fi kùmọ̀ lu ìdí wọn, yóò ṣẹ́ ẹ níbi tó tó bàtà kan sí ìdí, yóò wé fọ́nrán tó tú sílẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò sì máa fà á síwá sẹ́yìn nínú omi títí igi inú rẹ̀ yóò fi yọ́ jáde bí ìgbà tí ènìyàn yọ idà nínú àkọ̀. Yóò jù ú nù, yóò mú òmíràn. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní àwọn ibòmíràn àwọn obìnrin ni wọ́n ń jókòó sétí odò tí wọ́n ń bó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán tiwọn sì máa ń mọ́ jù, nítorí pé wọn kì í ṣẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ máa ń wú, awọ máa ń yún ni. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, wọn yóò fi kọ́ orí ọparun nínú oòrùn, gbogbo etí ọ̀nà yóò wá rí wúrà wúrà. Igi funfun tó kù, wọ́n ń fi dáná, wọ́n ń fi ṣe ọgbà àti ògiri, kò sí èyí tó ṣòfò.

Omi ló ń pinnu iye owó. Omi tó mọ́ tó sì ń ṣàn díẹ̀ ń mú fọ́nrán tó funfun tàbí tó pọ́n bíi wúrà jáde. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí gbogbo abúlé ti rẹ nǹkan sí léraléra ń sọ ọ́ di eérú. Àwọ̀ yẹn, pẹ̀lú gígùn àti agbára rẹ̀, ni wọ́n fi ń pín in sí ipò ipò. Àgbẹ̀ kọ́ ló ń sọ ipò tí tirẹ̀ wà. Faria ni wọ́n ń pe ẹni tó ń wá rà á lẹ́nu ọ̀nà, òun náà yóò tà á fún bepari tó lágbára jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi dé ẹnu ilé-iṣẹ́. Àgbẹ̀ tó ti jẹ gbèsè ajílẹ̀ àti owó àwọn alágbàṣe kò ní agbára láti gbé e pa mọ́ de ìgbà tí ọjà yóò wọ́n. Ẹni tó bá ti tà kòkó rí ní Ondó tàbí ní Ìlá mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ kankan ní Bẹ́ńgálì nígbà tí júùtù kọ́kọ́ di ọjà àgbáyé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ran án, tí wọ́n fi ń hun ún. Ìlú Dundee ní Skọ́tíláǹdì ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àwọn ọdún 1830. Ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ti ń ran níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, júùtù sì le jù fún ẹ̀rọ wọn, ó ń já. Àmọ́ Dundee tún jẹ́ ìlú àwọn tó ń pa ẹja àbùùbùtán, epo ẹja náà pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ omi, wọ́n fi rẹ júùtù, ó rọ̀, ẹ̀rọ sì gbà á. Nígbà tí ogun Crimea bẹ́ sílẹ̀ ní 1853, tí ọ̀gbọ̀ Rọ́ṣíà kò wá dáadáa mọ́, iṣẹ́ júùtù gbilẹ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ Camperdown tó jẹ́ ti ìdílé Cox nìkan ní òṣìṣẹ́ bí 5,000. Òpó èéfín rẹ̀, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 280 lọ, ṣì dúró síbẹ̀ dòní. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ Dundee, nítorí pé owó tí wọ́n ń san fún obìnrin kéré. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ọwọ́ àti ètè ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn di adití kí wọ́n tó darúgbó. Ìyà júùtù kò mọ síbi omi nìkan.

Ní 1855, George Acland gbé ẹ̀rọ wá sí Rishra, létí odò Hooghly, ní tòsí Calcutta. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn ilé-iṣẹ́ Calcutta borí ti Dundee, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni júùtù ti ń hù. Àpò tí ayé fi ń kó àlìkámà, kọfí, ṣúgà, àpò iyanrìn tí àwọn ọmọ ogun sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ní 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà kí wọ́n tó lọ, ààlà tí wọ́n fà gba àárín oko àti ilé-iṣẹ́ kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú oko júùtù bọ́ sí Pakisítánì ìlà-oòrùn, ilé-iṣẹ́ sì wà ní Íńdíà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí iye tí owó wọn, rúpìì, jẹ́, Íńdíà sì kọ̀ láti ra júùtù. Pakisítánì wá kọ́ ti ara rẹ̀, Adamjee ní Narayanganj, tó di ilé-iṣẹ́ júùtù tó tóbi jù lọ láyé. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ òkèèrè tí júùtù ìlà-oòrùn ń mú wọlé, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń ná èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sí, níbi tí ìjọba wà. Nígbà tí Sheikh Mujibur Rahman, aṣáájú òṣèlú ìlà-oòrùn, gbé ìbéèrè mẹ́fà rẹ̀ jáde ní 1966, ọ̀kan nínú wọn ni pé kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àpò owó ilẹ̀ òkèèrè tirẹ̀. Ní 1971, Pakisítánì ìlà-oòrùn dá dúró, ó di Bangladẹ́ṣì. Ewé júùtù mẹ́ta tó so pọ̀ wà lórí àmì orílẹ̀-èdè wọn títí di òní. Ewé ewédú ni.

Mo ka èyí, ọkàn mi lọ sí ilé. Láti 1947, Cocoa Marketing Board ló ń ra gbogbo kòkó wa ní iye tí òun fúnra rẹ̀ dá, kó tó di ti ẹkùn ní 1954. Owó tí kò dé ọwọ́ àgbẹ̀ ni ìjọba fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ṣòfò, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 wà nínú rẹ̀, èmi náà sì jẹ nínú èso rẹ̀ nípasẹ̀ àwọn òbí mi. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń dá iye náà. Nígbà tí owó kòkó lọ sílẹ̀, tí owó orí sì ń lọ sókè, àwọn Agbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, wọ́n sọ pé ó tó. Láàárín ọdún méjì sí ara wọn, ẹni tó ń gbin àpò àti ẹni tó ń kó nǹkan sínú rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà, tí ọ̀kan kò gbọ́ ohùn èkejì rí. Àpò kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Ó dùn mí pé kò sí ẹni tó sọ fún bàbá bàbá mi pé ẹnì kan ń bẹ níbì kan tó dúró sínú omi dúdú nítorí àpò tó fi kó kòkó rẹ̀, pé ẹni náà àti òun jọ ní ẹjọ́ kan láti rò.

Ìdí tí kòkó kò fi lè ṣe láìní àpò yìí rọrùn. Kòkó tó gbẹ ṣì ń mí, omi díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Inú àpò júùtù, atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde. Inú ọ̀rá, yóò làágùn, yóò bu, kí ọkọ̀ ojú omi tó dé ibi tó ń lọ. Òórùn epo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́yìn epo ẹja àbùùbùtán, epo inú ilẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi rẹ júùtù, nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé ó ń wọ inú kòkó àti kọfí. Ní 1998 ni àjọ júùtù àgbáyé gbé òfin jáde fún àpò oúnjẹ, wọ́n sì yí sí epo ewéko. Àpò tuntun tí mo fi imú sí ní ilé ìkẹ́rù kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí kò rùn mọ́ bíi ti àtijọ́.

Rọ́bà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa júùtù. Àpò rọ́bà híhun tí ẹ ń rí ìrẹsì àti gààrí nínú rẹ̀ lọ́jà Bódìjà kò wúwo, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò nílò ọ̀gọ̀dọ̀ kankan. Láti àwọn ọdún 1970 ló ti ń gba ọjà. Dundee pa ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tó kẹ́yìn dé ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ọdún 2002 ni mo máa ń rántí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Bangladẹ́ṣì di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòfin de ọ̀rá, nítorí pé ó dí ojú àgbàrá nígbà ìkún omi 1988 àti 1998. Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ìjọba kan náà ti Adamjee pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Ilé-iṣẹ́ náà ti ń jẹ gbèsè fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba tó bá lé ọ̀rá kúrò lọ́jà ní ojúṣe láti mọ ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ní 2020 wọ́n tún ti nǹkan bí 25 ilé-iṣẹ́ júùtù ìjọba tó kù pa.

Síbẹ̀ wọn kò jáwọ́. Ní 2010, Maqsudul Alam, ọmọ Bangladẹ́ṣì tó ń ṣiṣẹ́ ní Hawaii, kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n ka gbogbo àkọsílẹ̀ àbínibí inú Corchorus olitorius láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olórí ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mubarak Ahmad Khan, onímọ̀ ọmọ Bangladẹ́ṣì mìíràn, náà rí ọ̀nà láti sọ júùtù di ohun tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, tó ń jẹrà nínú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ Íńdíà ní Barrackpore ti ṣe ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń fọ́n sínú omi kí rírẹ rẹ̀ lè yá. Àwọn mìíràn ń kọ́ àgbẹ̀ láti bó èèpo náà ní tútù kí wọ́n tó rẹ ẹ́, kí omi tí wọn yóò nílò lè dín kù, nítorí pé òjò kò tò lẹ́sẹẹsẹ mọ́, ọ̀gọ̀dọ̀ ń gbẹ nígbà tó yẹ kó kún.

Nílé wa, IAR&T (ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ló ní iṣẹ́ ìwádìí júùtù àti kenaf, ewéko mìíràn tí wọ́n ń yọ fọ́nrán lára rẹ̀, fún gbogbo Nàìjíríà. Badagry àti Jos ní ilé-iṣẹ́ àpò nígbà kan, wọ́n ti kógbá sílé, a sì ń kó àpò kòkó wọlé láti Éṣíà. Lọ́dọọdún ni mo ń gbọ́ kí ẹnì kan nínú ìjọba sọ pé ó yẹ ká máa ṣe àpò tiwa. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ọkàn mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ, ibi tí iṣẹ́ ti tán ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ irúgbìn tí wọ́n fẹ́ lò tí ọ̀sán wa tó kúrú kò ní mú kó tètè so. Mo fẹ́ mọ omi tí wọn yóò rẹ ẹ́ sí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ odò tó yí Ìbàdàn ká ni wọ́n ti sọ di ààtàn, tí àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀ sì ń mu nínú rẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ jókòó kí wọ́n tó fọ́n irúgbìn kankan, kí wọ́n sọ iye tí wọn yóò san fún kílò kan fọ́nrán gbígbẹ, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò máa pín in sí ipò, kí àwọn àgbẹ̀ ní aṣojú nídìí ìwọ̀n náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ sínú omi.